Oníbínú Méjì

Adéyanjú ọmọ mi ló kó wọn wá láti Alábà,
àpótí dúdú méjì, gíga bí ọmọ ọdún mẹ́fà,
pẹ̀lú ańpilífáyà tuntun tó ń ṣẹ́jú búlúù.
Ó tò wọ́n ti ògiri, ó ní, “Màmá, ẹ gbádùn ara yín.”
Mo tẹ bọ́tìnnì.
Ayùn Òkóbàbá wọ pálọ̀ mi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ayùn.
Ogójì ọdún ni mo ti lò ní Èbúté-Mẹ́tta,
pákó ni ọkọ mi ń tà,
mo mọ igbe tí irin ń ké tó bá kan kókó igi.
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni obìnrin inú rẹ́kọ́ọ̀dù ń ké:
gbogbo “ṣ” ẹnu rẹ̀ di abẹ́rẹ́,
fèrè di ṣíbí lórí àwo tánganran.
Orin mẹ́ta péré, eyín ń kan mí.
Mo dín in kù.
Ó ṣì ń gé mi, wẹ́wẹ́ ló wá ń gé mi.

Kì í sì í ṣe orin ni mo fẹ́.
Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú agolo bisikíìtì,
ìyá mi ló wà níbẹ̀, ó ń ki mí.
Ìyá tí ohùn rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ tó ń tutù nínú ewé
ni ẹ̀rọ yìí sọ di ẹni tó ń bá ayálégbé jà.

Aládùúgbò mi ní wáyà ni.
Mo ra wáyà, pupa bí ahọ́n ejò.
Owó lọ, ayùn dúró.

Sùfíánù ti ojú ọ̀nà Àpápá dé ní Sátidé.
Kò tú nǹkan kan.
Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàrin pálọ̀, ó dẹtí.
“Táìlì,” ó ní. Ó wo fèrèsé. “Àti gíláàsì.”
Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ańpilífáyà bí ẹni ń wo ibà ọmọ.
“Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn, Màmá.
Wọ́n ní ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́;
lọ́dọ̀ ènìyàn nìyẹn.
Eléyìí, ẹnu rẹ̀ mú. Àwọn wọ̀nyí, ẹnu wọn mú.
Ta ni yóò sọ fún ẹnìkejì pé ó tó?
Kí lẹ ń lò tẹ́lẹ̀?”

Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà,
ańpilífáyà ọkọ mi, onípákó, ó wúwo bí àpò ìrẹsì kékeré.
Ọdún mẹ́jọ ni mo fi aṣọ bò ó,
n kò lè tà á, n kò sì lè wò ó.
Sùfíánù gbọn ẹyin aáyán kúrò nínú rẹ̀,
ó pààrọ̀ kapásítọ̀ méjì,
ó ní kí n tẹ́ ẹní ńlá sílẹ̀, kí n fa kọ́tìnnì,
ó fa àwọn àpótí kúrò lára ògiri, ìgbésẹ̀ kan, ìdajì,
ó padà sẹ́yìn, ó tún tì wọ́n díẹ̀,
bí ẹni ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti ní dun ẹnikẹ́ni.

Iná lọ.
A jẹ ẹ̀pà nínú òkùnkùn. Ó sọ fún mi nípa ìyàwó rẹ̀
tó máa ń pariwo, àti òun tí kì í sọ̀rọ̀.
Mo ní, “Ẹ̀ ń gbọ́ ara yín báyẹn?” Ó ní, “Dáadáa.”

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, iná dé.
Kásẹ́ẹ̀tì yí.
“Àṣàbí,” ni ìyá mi wí.
“Ṣ” náà kò gún mi.
Ó kọjá bí ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn àárọ̀.
Mo gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì kó tó bá oríkì lọ,
mo gbọ́ rélùwéè tó ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán,
lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan wúkọ́.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kásẹ́ẹ̀tì, n kò gbọ́ ikọ́ yẹn rí.
Ta ló tún wà níbẹ̀?

Ẹni tó ń di ẹ̀rọ mú ni. Ẹni tó ni onípákó.

Sùfíánù ní ṣé kí òun dín ìsàlẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀.
Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan.